Ṣé iṣan ìyá àgbà mi rọ̀ ju tèmi lọ ni? Ẹ bá mi wo ìṣirò yìí

Akẹ́kọ̀ọ́Wáyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ẹ̀ka ẹ̀rọ ìṣègùn. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi ni pé kí n fi àkókò tí ìgbì ìlù ọkàn ń lò lójú ọ̀nà mọ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe rọ̀ tàbí bó ṣe gan tó. Gbogbo ohun tí mo kà ló sọ pé bí iṣan bá ṣe gan tó ni ìgbì á ṣe sáré tó.

Mo lẹ ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn sójú ìwé, mọ́ àyà, mo fi sẹ́ńsọ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ há ìka ọwọ́ òsì. Mo ń ka àkókò láti ìgbà tí ṣóńṣó R, ibi tí ìlà náà ti ga jù ní ìlù kọ̀ọ̀kan, bá yọ lórí ECG títí di ìgbà tí ìlù náà bá dé góńgó ní ìka. Mo fi téèpù aránṣọ wọn ọ̀nà láti àárín àyà dé ìka, mo wá fi àkókò pín in. Ẹ̀rọ mi ń kà á nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpíndọ́gba ìlù 30 ni mo sì mú. Ẹgbẹ̀rún ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Èmi, ọmọ ọdún 22: sẹ̀ǹtímítà 80, àkókò 212 ms. Ó já sí 3.8 m/s (mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan).

Ìyá àgbà mi, ẹni ọdún 71, tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún 14: sẹ̀ǹtímítà 72, àkókò 205 ms. Ó já sí 3.5 m/s.

Ṣé iṣan màmá wá rọ̀ ju tèmi lọ ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n gbé e síwájú àwọn olùkọ́. Mo ti yẹ kóòdù wò títí ojú fi ń ta mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Àbúrò, kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí àyẹ̀wò iṣan ní ilé ìwòsàn kan níbí, mo sì ti rí òǹkà bíi tìrẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Fi kóòdù sílẹ̀ ná. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò ni wàhálà wà.

Iná ni ECG ń fi hàn. Nígbà tí ṣóńṣó R bá yọ, àṣẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran ọkàn. Ẹran náà á kọ́kọ́ sún kì, agbára inú yàrá òsì á máa ga títí á fi ju ti iṣan ńlá lọ, ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn tó ṣí tí ẹ̀jẹ̀ tó tú jáde. Gbogbo ìyẹn ń gba nǹkan bíi 100 ms lára ẹni tó sinmi. Nínú 212 tí o kà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí ìdajì ti kọjá lọ kí ìgbì tó gbéra rárá.

Bó bá jẹ́ pé iye kan náà ni lára gbogbo èèyàn, à bá yọ ọ́ kúrò, ó parí. Àmọ́ ó ń yí. Bí èèyàn bá dìde dúró, bí ẹ̀rù bá bà á, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn, bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, bó bá ń lo àwọn oògùn kan, á yí padà. Yọ 100 kúrò nínú 212 tìrẹ: ó ku 112, eré náà di 7.1 m/s. Ká ní ti màmá jẹ́ 120: ó ku 85, eré tiwọn di 8.5. Àpẹẹrẹ ni mo fi 100 àti 120 ṣe o, n kò wọn ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n o rí i pé 20 ms yẹn ló yí ìdájọ́ padà pátápátá.

Ìkejì, apá ni o wọ̀n. Ògiri iṣan apá jẹ́ ẹran jù, ọjọ́ orí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un gan. Aorta, iṣan ńlá tó ti inú ọkàn yọ tó sọ̀kalẹ̀ níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú gan. Ìdí nìyí tí àwa fi ń wọ̀n láti ọrùn dé ibi tí itan ti so mọ́ ikùn.

Ìkẹta, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá túmọ̀ sí pé 20 ms ló wà láàárín kíkà kan sí èkejì. Láti ọrùn dé itan, ìgbì lè má lò ju 45 ms lọ lára àgbàlagbà. Ńṣe ló dà bí ẹni ń fi igbá wọn oògùn ọmọdé. Gbé e lọ sí 1,000.

Mo ń bọ̀ wá sọ nípa góńgó tí o mú. Oníbàárà dé.

ỌmọÀyàn

Mo tọrọ àforíjì, n kì í ṣe ará ibẹ̀, ìlù ni mo ń lù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Mo rò pé ohun tó bá le ló ń dènà nǹkan. Ọ̀nà tó bá dí la ti ń rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Báwo ni iṣan tó gan ṣe wá ń mú kí nǹkan yára?

Ẹ̀gbọ́nLeeds

ỌmọÀyàn, ìwọ gan-an ló yẹ kó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Bí o bá fi apá fún ọsán gángan, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Awọ ló le sí i, ìgbì tí kọ̀ǹgọ́ dá sílẹ̀ wá ń sáré lọ sáré bọ̀ lójú awọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí o bá dẹ ọsán, awọ á dẹ̀, ìgbì á falẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ohun tí ìyára ìgbì ń sọ fún wa nípa iṣan ni etí rẹ ti ń gbọ́ láti kékeré.

Ohun tó ń ṣì ọ́ lọ́nà ni pé o ń ro ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sáré bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú aorta, ìpíndọ́gba ìrìn rẹ̀ kò tó ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ìgbì ń sá mítà mẹ́fà, mẹ́wàá, méjìlá. Wo èrò tó tò síwájú báǹkì lọ́jọ́ owó oṣù. Bí ẹni ẹ̀yìn bá fi èjìká ti ẹni iwájú rẹ̀, ìtì yẹn á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún mọ́ra wọn, wàràwàrà ni á dé ibẹ̀. Bí àyè bá wà láàárín wọn, oníkálùkù á kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀ kó tó ti ẹlòmíì. Iṣan tó rọ̀ ń fẹ̀ kó tó ta ìlù látaré, ibẹ̀ ni àkókò ń lọ. Èyí tó gan kò fẹ̀, ó ta á látaré lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Dókítà Thomas Young ti bá Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, sọ̀rọ̀ lórí bí ọkàn àti iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ ní 1808. Ní 1878, Moens àti Korteweg ní Netherlands fi ìṣirò rẹ̀ lélẹ̀. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí:

eré × eré = (líle ògiri × nínípọn ògiri) ÷ (ìbú ihò iṣan × ìwúwo ẹ̀jẹ̀)

Ìwúwo ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí, nǹkan bíi kílò 1,060 ni nínú àpótí tó jẹ́ mítà kan ní òòró, ní ìbú àti ní gíga. Kí o ṣàkíyèsí pé eré ti di púpọ̀ nípa ara rẹ̀. Bí eré bá ti 6 di 12, tí ìyókù kò yí, líle ògiri ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí 12, wọ́n á ní ó kàn jẹ́ ìlọ́po méjì 6 ni.

ỌmọÀyàn

Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. N kò ní wo gángan mi bákan náà mọ́.

Abẹ̀kẹ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀nà yín díẹ̀. Bàbá mi, ẹni ọdún 68, ń gbé ní London. Wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí gan-an fún wọn, láti ọrùn dé itan. Ìwé tí wọ́n fún wọn kọ 12.6 m/s, wọ́n sì ní 10 ni ààlà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà jẹ́ 158/70. Láti ìgbà náà ni Bàbá kò ti sùn dáadáa. Wọ́n pè mí láàárọ̀ àná, wọ́n ní kí n wá mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wọn wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 12.6 yìí túmọ̀ sí?

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wò ó bóyá wọ́n kọ bí wọ́n ṣe wọn ọ̀nà sórí ìwé náà, bóyá ẹ ó rí 0.8 níbẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi béèrè.

Ìlànà Yúróòpù ti 2007 fi ààlà sí 12. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ mú un wá sí 10. Ara èèyàn kò yí padà láàárín ọdún márùn-ún yẹn, ọ̀nà ni wọ́n tún wọ̀n. Ìgbì tó ti ọkàn jáde ń gòkè lọ sí ọrùn ní àkókò kan náà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí itan. Nígbà tí ti ọrùn bá dé, ti ìsàlẹ̀ náà ti rìn díẹ̀. Bí a bá wá fi téèpù wọn ọrùn dé itan lódindi, ọ̀nà tí a kọ sílẹ̀ ti gùn ju èyí tí ìgbì rìn láàárín àkókò tí a kà. Ìdá 80 nínú 100 ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Bó bá jẹ́ pé odindi ọ̀nà ni wọ́n lò fún Bàbá, 12.6 á di nǹkan bí 10.1.

Abẹ̀kẹ́_Ìjẹ̀bú

Mo ní kí àbúrò mi ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. 0.8 wà níbẹ̀, ó hàn kedere. Nítorí náà 12.6 náà ni.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá tèmi.

Wọ́n ti kó òǹkà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ ní Yúróòpù ní 2010. Àwọn tí kò tó ọdún 30 tí ara wọn dá, nǹkan bíi 6 ni tiwọn. Àwọn tó ti lé ní 70 tí ara wọn dá, ó sún mọ́ 11. Nítorí náà ẹni ọdún 68 tó kọjá 10 kì í ṣe ohun àjèjì. 12.6 ga ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Bàbá lọ, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe ìwé ikú. Ohun tó ń sọ ni pé iṣan ńlá wọn kò gba ìlù mọ́ra mọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ wo 158/70 yẹn náà. Ìtàn kan náà ló ń sọ. Bí ọkàn bá ta ẹ̀jẹ̀ jáde, aorta tó rọ̀ á fẹ̀, á gba apá kan pa mọ́. Bí ọkàn bá ń sinmi, á sún kì, á máa fún ẹ̀jẹ̀ yẹn síwájú. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí òǹkà òkè ga jù, tí kì í sì í jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ jábọ́. Bó bá ti gan, kò níbi tó máa kó ẹ̀jẹ̀ sí: òkè á ga, ìsàlẹ̀ á rẹlẹ̀, àlàfo á fẹ̀. Ti Bàbá jẹ́ 88. Ìlù gbígbóná yẹn ló ń lọ bá àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ àti kíndìnrín, àwọn iṣan tí kò yẹ kí irú agbára bẹ́ẹ̀ dé bá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ti ń wọlé.

Ohun tó ń jẹ́ kí aorta nà bíi rọ́bà ni okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní elastin. Inú oyún àti ìgbà èwe ni ara ti ń hun ún, kì í fi bẹ́ẹ̀ hun òmíràn mọ́ lẹ́yìn náà. Ọkàn tó ń lù nígbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan ń lù ju mílíọ̀nù 36 lọ lọ́dún. Ẹ fi 68 sọ ọ́ di púpọ̀. Okùn wo ni kò ní já díẹ̀díẹ̀? Bó bá sì ti ń já, collagen, okùn mìíràn tó le, ló ń gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí Bàbá mọ̀. Bí ìfúnpá bá ga lásìkò àyẹ̀wò, ògiri iṣan á fà, ìgbì á sáré sí i, àní lára ẹni kan náà. Wọn kò tún lè fi 12.6 ọjọ́ tí òkè jẹ́ 158 wé ti ọjọ́ tó bá wálẹ̀. Kí wọ́n lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n dín iyọ̀ kù (magí náà wà nínú iyọ̀, ẹ bá wọn sọ ọ́), kí wọ́n máa rìn, kí dókítà wọn bójú tó ìfúnpá yẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún un wọ̀n. Ó ń wálẹ̀ o, mo ti rí i.

Abẹ̀kẹ́_Ìjẹ̀bú

Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá ẹja gbígbẹ náà wà nínú iyọ̀.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iyọ̀ pa kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, ó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èéfín yan láìfi iyọ̀ sí kò léwu.

Dókítà_Abúlé

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn á dé pẹ̀lú apá kan tí kò gbé mọ́, ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ ìfúnpá kan apá rẹ̀ rí. Kí la fẹ́ fi eré ìgbì ṣe nígbà tí a kò tíì wọn ìfúnpá?

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Dókítà, ẹ jàre. Bó bá jẹ́ pé owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá, kí wọ́n sì fi ìyókù ra oògùn.

Àmọ́ eré ìgbì ń sọ ohun tí ìfúnpá nìkan kò sọ. Ní Paris, wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru 1,980, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: àwọn tí aorta wọn gan jù ni ikú pọ̀ nínú wọn jù, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti ọjọ́ orí àtàwọn àrùn mìíràn kúrò nínú ìṣirò. Ní 2010, àwọn kan kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé bí eré bá fi mítà kan ṣoṣo lé sí i, ewu ikú àrùn ọkàn àti iṣan ń fi nǹkan bíi 15 nínú 100 lé sí i. Ìfúnpá ń yí láti àárọ̀ di alẹ́. Gígan iṣan ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún tí ìfúnpá ti fi ń lù ú.

Dókítà_Abúlé

Mo gbà pẹ̀lú yín nípa àwọn tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú. Àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá lè ṣe ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ ìfúnpá lọ, tó sì ń wọn méjèèjì, wá bá mi.

Ọ̀gá_Aago

Aago ọwọ́ mi ń sọ ìfúnpá mi fún mi láìsí ohun tó ń fún apá. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan ń lo àkókò ìgbì, àwọn mìíràn ń wo bí ìlù ṣe rí lójú àwòrán. Lára àwọn tó ń lo àkókò, ìṣòro kan wà tí kò sí ọgbọ́n tó lè fò ó: eré ń pọ̀ bí ìfúnpá bá lọ sókè, ó sì tún ń pọ̀ bí iṣan bá gan. Ìdáhùn kan ni aago rí, ohun méjì ni kò mọ̀. Ìdí nìyí tí irú aago bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní kí o lo ẹ̀rọ ìfúnpá gidi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má fi òǹkà aago dín oògùn kù.

MàmáNọ́ọ̀sì

Ọmọ mi AkẹkọọWáyà, mo fẹ́ kí o gbọ́ ìkìlọ̀ ìyá kí o tó fọwọ́ kan ọrùn màmá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí o wọ̀n, má ṣe fọwọ́ tẹ ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà láé. Má sì tẹ̀ ẹ́ le. Ibì kan wà lọ́rùn tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọkàn á falẹ̀, àgbàlagbà lè dákú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí o lẹ mọ́ àyà èèyàn, bátìrì ni kó máa lò. Yọ kọ̀ǹpútà rẹ kúrò lára iná gbogboogbò àti jẹnẹrétọ̀ kí o tó so ó pọ̀.

Ìbéèrè kan: ṣé kì í ṣe pé màmá fi lààlì sọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn? Mo ti jà pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ ìka lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun rí, iná kò gba inú lààlì dúdú kọjá. Bí ọwọ́ bá tutù nítorí ọyẹ́ náà, ìlù kì í hàn dáadáa.

AkẹkọọWáyà

Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó àbúrò bàbá mi ni mo ṣe àyẹ̀wò náà! Gbogbo ìka wọn ló dúdú. Ìlù tó hàn kò ga rárá, mo kàn sọ ọ́ di ńlá nínú kóòdù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá sọ nípa góńgó. Sẹ́ńsọ̀ wo ni kí n sì lò fún ọrùn àti itan? Èyí tí mo ní kò rí nǹkan kan ní itan.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

Góńgó ìlù kì í ṣe ti ìgbì tó ń lọ nìkan. Ìgbì lọ dé ibi tí iṣan ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, apá kan ta padà, ó ń bọ̀ wá bá èyí tó ń lọ. Góńgó tí o rí jẹ́ àdàpọ̀ àlọ àti àbọ̀, ó sì ń sún káàkiri láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Ẹsẹ̀ ìgbì ni kí o mú, ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀, torí àbọ̀ kò tíì dé nígbà yẹn.

Wo ibi tí ìlù ti ń gun òkè kíkan jù lọ. Fa ìlà tó tọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Fa ìlà mìíràn tó tẹ́ rẹrẹ gba ibi tó rẹlẹ̀ jù ṣáájú rẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ẹsẹ̀ ìgbì.

Fún sẹ́ńsọ̀, lo píésò pẹlẹbẹ, irú èyí tó ń dún nínú káàdì olórin. Ẹyọ kan náà ni kí o lò níbi méjèèjì. Kọ́kọ́ gbé e sọ́rùn, ka àkókò láti R dé ẹsẹ̀ ìgbì. Lẹ́yìn náà gbé e sí itan, tún kà á láti R. Yọ ti ọrùn kúrò nínú ti itan. 100 ms ti àkọ́kọ́ yẹn wà nínú méjèèjì, nítorí náà ó jẹ ara rẹ̀ tán, bí ọkàn bá ṣáà ń lù ní ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìjáfara asẹ́ tí o fi ń yọ ariwo kúrò náà á bá a lọ, bó bá jẹ́ asẹ́ kan náà ni.

Kí màmá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ dùbúlẹ̀, kì í ṣe àyà o, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní yàrá tó pa rọ́rọ́. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sùn. Má jẹ́ kí wọ́n jẹun tàbí mu kọfí láàárín wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Bí ikùn bá tóbi, má fa téèpù gba orí ikùn, á gùn jù. Na igi tó tọ́ lókè ara, kí o wọn ìyẹn.

AkẹkọọWáyà

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mo ti padà dé. Mo bẹ àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bá mi mú píésò sí itan màmá, torí kò yẹ kí n ṣe é fúnra mi. Àǹtí fi ìka méjì wá ìlù náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "ó wà níbí, gbé e wá", lójú ẹsẹ̀ ni ìlà tó ń gbéra tó ń sọ̀kalẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà. Màmá ní kí n yí i sọ́dọ̀ àwọn kí àwọn wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ṣé èmi nìyẹn?"

Èmi: ọrùn dé itan sẹ̀ǹtímítà 64, ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ 51.2. Àkókò 87 ms. Eré 5.9 m/s. Ìfúnpá 116/72.

Màmá: sẹ̀ǹtímítà 58, ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ 46.4. Àkókò 41 ms. Eré 11.3 m/s. Ìfúnpá 148/72.

Ìlù 20 ni mo mú níbi kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí 11.3 yẹn. Èmi ni mo fẹ́ fi 3.5 àkọ́kọ́ sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan.

MàmáNọ́ọ̀sì

Ọmọ dáadáa. 148 lórí oògùn? Jẹ́ kí wọ́n padà lọ rí dókítà wọn, kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan èyí tí wọ́n ń rà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́nLeeds

O ṣe é dáadáa, ó wú mi lórí. Kọ àṣìṣe rẹ̀ náà sínú ìwé rẹ, àwọn olùkọ́ á béèrè. Bí àkókò màmá bá fi 4 ms péré yẹ̀, eré lè jẹ́ 10.3, ó lè jẹ́ 12.5. Ti ìwọ kò lè yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí 87 ms gùn. Ibi tí iṣan bá ti gan jù ni àkókò ti ń kéré jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń dunni jù. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá fi ju 0.5 m/s lọ yàtọ̀, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kí o mú èyí tó bọ́ sí àárín.

AkẹkọọWáyà

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wọ̀n ọ́n. Àǹtí ní ọjọ́ Sátidé ni àyè tún máa gba àwọn. Màmá ti ní kí n má pẹ́ dé o, àwọn kò ní mu kọfí láti àárọ̀.